Iṣẹ́ ìtẹ̀wé orí kọ̀ǹpútà fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé gba másítà tàbí PhD ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjagun tàbí ní Ìlíṣàn ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin onímọ̀ Yorùbá, ìtàn, lítíréṣọ̀, ẹ̀sìn, orin àti ẹ̀dá-èdè. Owó iléèwé ń wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sì ti ń gbọ́ pé iṣẹ́ wà nídìí ohun tí wọ́n ń pè ní digital humanities. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń wá a níbi tí kò sí.

Gbogbo ohun tó wà láàárín àfọwọ́kọ, kásẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé àtijọ́, àti ojú ìwé tí ènìyàn lè ṣí lórí fóònù, kí ó wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí i nínú tíísìsì, òun ni iṣẹ́ náà. Ẹnì kan ní láti tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó fi àmì sí i, kí ó kọ àpèjúwe rẹ̀, kí ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ kí ó má baà sọnù.

Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀ nígboro. Ẹni tó lè tẹ ojú ìwé Yorùbá kan láìsí àmì ohùn kankan tó ṣìnà kò pọ̀. Ẹni tó tún lè jókòó ti àgbà Ìjẹ̀bú kan, kí ó kọ ohun tó sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ó ṣọ̀wọ́n. Ibẹ̀ ni ọjà yín wà. Nítorí náà, ẹ má fi ìwé ìwáṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe iṣẹ́ kékeré kan tó mọ́ tónítóní, kí ẹ wá fi í wá èyí tó tóbi.

Ẹ kọ́kọ́ ya ìkéde sọ́tọ̀

Ìkéde tí ẹ óò máa rí jù ni graduate assistantship ti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹ fara balẹ̀ kà á: akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wọlé sí yunifásítì náà ni wọ́n ń wá. Ẹ wo Digital Humanities Quarterly, jọ́nà ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Northeastern University ní Boston wà lára àwọn tó ń bá wọn tún fáìlì ṣe. Ẹni tó jókòó sí Ṣágámù kò lè gba irú ipò bẹ́ẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ gba àyè ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún. Tó bá sì jẹ́ ìrìn àjò lẹ ń gbèrò, ẹ mọ̀ pé físà F-1, ìyẹn ti akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá ń lọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Mẹ́ta ló kàn wá níbí. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ jọ́nà nínú yunifásítì tiwa. Èkejì ni iṣẹ́ àdéhùn tí ènìyàn ń ṣe láti ilé fún àwọn onímọ̀ àti àwọn atẹ̀wé tó wà níbòmíràn. Ẹ̀kẹta ni owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ tí ẹ fúnra yín dá sílẹ̀. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò béèrè lọ́wọ́ yín: kí lẹ ti ṣe rí?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ọ̀rọ̀ kékeré kan nítòsí

Ojú ìwé mẹ́jọ sí méjìlá ti tó. Ó lè jẹ́ oríkì ìdílé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí orin tí régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́ orí kan náà) kan máa ń kọ wọ Ojúde Ọba. Ó lè jẹ́ ìwé pélébé tí ìjọ kan ní Rẹ́mọ tẹ̀ nígbà ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú, tàbí lẹ́tà bàbá bàbá yín tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ má dábàá ìtàn Ìjẹ̀bú láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Iṣẹ́ tí kò parí kò ṣeé fi han ẹnikẹ́ni.

Ẹ ro ìgbà tí ẹ óò lọ pẹ̀lú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí. Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ọmọ régbérégbé tó máa ráyè jókòó bá yín sọ̀rọ̀ orin. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni gbogbo wọn wà. Ẹ lọ lẹ́yìn ayẹyẹ, nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ẹ gba àṣẹ. Òfin Copyright ti 2022 fi ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé pélébé tí òǹkọ̀wé rẹ̀ kú ní 1990 kò ní bọ́ kúrò lábẹ́ òfin yìí títí di òpin 2060, nítorí náà ẹ wá àwọn tó jogún rẹ̀ kàn. Ní ti ẹni tó ṣì wà láàyè, orúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ wà lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023. Fọ́ọ̀mù àṣẹ yunifásítì kì í fi bẹ́ẹ̀ yé àwọn àgbà, kò sì yẹ kí ẹ fi ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ni ká kọ́kọ́ lò:

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ kú ìsinmi o."

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Ta lò ń wá?"

"Ẹ̀yin náà ni mo wá kí, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n ní tó bá di oríkì ilé yìí, ẹnu yín ló pé sí. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀, kí n tẹ̀ ẹ́, kí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Tí ibi kan bá wà tí ẹ kò fẹ́ kó jáde, ẹ wí, mà, n óò yọ ọ́."

"Ṣé orúkọ mi máa wà níbẹ̀?"

"Tí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, mà, òun ni yóò ṣáájú tèmi."

Ẹ má ṣe fi ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣeré. Ẹ ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí màmá tún ìyọ̀ǹda rẹ̀ sọ lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀. Ọmọ ilé kan yóò buwọ́ lùwé lẹ́yìn náà. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ má sì ṣèlérí owó tí kò sí.

Agẹmọ yàtọ̀ pátápátá. Ohun tí obìnrin kì í wò, ẹ má gbé e síbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó. Bí ọ̀kan nínú àwọn Alágẹmọ bá tilẹ̀ gbà fún yín, àwọn mẹ́rìndínlógún ló ń pàdé ní Ìmọ̀sàn; ìyọ̀ǹda ẹnì kan kì í ṣe ti gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́jọ́ nínú pọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó pé

Ibí ni n óò ti pẹ́ jù, nítorí ibí ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́.

Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, àwọn lẹ́tà wa ní nọ́ńbà tiwọn: ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ jẹ́ U+1E63. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi àmì òkè lé ẹ, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ́". A ní láti tò ó ni: ẹ, lẹ́yìn náà àmì òkè tó jẹ́ U+0301. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà tò ó. Ẹnì kan lè kọ ẹ kí ó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè kọ e lásán, kí ó fi àmì sí ìsàlẹ̀, kí ó wá fi sí òkè. Ẹnì kẹta lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú é kí ó tó fi tìsàlẹ̀ sí i. Lójú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá wá "ẹ́" nínú fáìlì yín lè rí ogójì níbi tí ọgọ́rùn-ún wà.

Oògùn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní NFC. Ó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀nà kan náà, ìlà kan péré nínú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sì ti tó láti ṣe é. Àmọ́ ohun kan wà tí NFC kò lè wò. Àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré tó dúró, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò tóótó, tó jẹ́ U+0323. Lójú NFC, àwọn méjèèjì kò tan mọ́ ara wọn rárá. Ẹ̀yin ni ẹ óò pinnu èyí tí ẹ óò lò, kí ẹ wá èkejì kàn jákèjádò fáìlì náà, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ẹ ṣe nìyẹn. Olóòtú tó bá rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè nọ́ńbà fóònù yín.

Ìwé àtijọ́ ní ìyọnu tirẹ̀. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn atẹ̀wé wa máa ń lo fọ́ǹtì àkànṣe tó fi lẹ́tà Yorùbá rọ́pò àmì mìíràn. Tí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ láti inú PDF irú ìwé bẹ́ẹ̀, jágbajàgba ni yóò jáde. Tíísìsì àti jọ́nà tó wà nírú ipò yìí kò lóǹkà, àtúntẹ̀ wọn sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n lè san owó fún. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe táblì ìpààrọ̀: lẹ́tà àtijọ́ lápá òsì, lẹ́tà tòótọ́ lápá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ óò ṣe é fún fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan.

Fún títẹ̀, Keyman wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún láptọ̀ọ̀pù, ó sì ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Àwọn ará ìkànnì YorubaName náà ní tiwọn. Lórí fóònù, Gboard ní Yorùbá. Fọ́ǹtì Charis SIL àti Gentium máa ń gbé àmì sórí lẹ́tà síbi tó yẹ. Tó bá jẹ́ ìwé títẹ̀ ni ẹ ní lọ́wọ́, Tesseract lè ka Yorùbá láti inú fọ́tò, ṣùgbọ́n àmì ohùn rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ẹ jẹ́ kó ṣe àkọ́kọ́ṣe, kí ojú yín ṣe èyí tó kù. Fún àfọwọ́kọ, Transkribus wà, àwọn ará Austria ló ni ín. Ojú ìwé mẹ́wàá kò tó ohun tí ènìyàn ń torí ẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ńkọ́? Ìjẹ̀bú ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo i, àwọn ìró kan sì wà tí álífábẹ́ẹ̀tì iléèwé kò pèsè lẹ́tà fún. Ẹ má tún un ṣe. Ohun tí màmá sọ ni kí ẹ kọ. Tí ẹ bá sọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò, ẹ ti ju apá tó níye lórí jù nínú iṣẹ́ náà nù. Ẹ lè fi ti àjùmọ̀lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún òǹkàwé tó wá láti Ọ̀yọ́. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni yóò fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi TEI sàmì sí i

TEI (Text Encoding Initiative) jẹ́ àdéhùn tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1987 fún fífi àmì sí ọ̀rọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mọ èyí tó jẹ́ ìlà orin, èyí tó jẹ́ orúkọ ènìyàn, èyí tó jẹ́ àlàyé olóòtú. Èyí tó wà lóde báyìí ni P5. Ìwé ìlànà rẹ̀ gùn bí ọjọ́, ẹ má gbìyànjú láti kà á tán. Fún oríkì tàbí orin, àmì bíi mélòó kan ló kàn yín: lg fún ẹsẹ, l fún ìlà kọ̀ọ̀kan, sp àti speaker fún lílé àti gbígbè, note fún àlàyé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni choice. Inú rẹ̀ ni ẹ óò ti fi ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú sínú orig, ti àjùmọ̀lò sínú reg, ẹni tó bá ń kà á yóò sì yan èyí tó fẹ́. Ẹ kọ xml:lang="yo" sókè, kí ẹ̀rọ mọ èdè tó ń kà.

Visual Studio Code wà lọ́fẹ̀ẹ́, àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Scholarly XML sì máa ń fi ibi tí ẹ ti ṣàṣìṣe hàn yín. Ẹ kò nílò láptọ̀ọ̀pù ńlá. Fáìlì TEI oríkì kan kéré sí fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín, iṣẹ́ náà kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, nítorí náà bí iná bá dé láàárín òru, ẹ gba agbára sínú bátìrì, kí ẹ ṣe é lọ́sàn-án láìtan jẹnẹrétọ̀. Fún ẹ̀kọ́, TEI by Example wà lọ́fẹ̀ẹ́. Programming Historian, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí oríṣiríṣi irinṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Spáníìṣì àti Potogí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé e síta

Èyí kò le. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ORCID, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí yóò máa bá orúkọ yín lọ níbikíbi. Ẹ gbé fáìlì náà sí Zenodo, ibi ìpamọ́ fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé ìwádìí CERN dá sílẹ̀ ní 2013. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni, yóò sì fún un ní DOI, nọ́ńbà tí ènìyàn lè fi tọ́ka sí i. Ẹ lo GitHub Pages fún ojú ìwé tí ènìyàn yóò máa kà, pẹ̀lú CETEIcean tó ń fi TEI hàn nínú bíráwúsà. Ẹ yan láísẹ́ǹsì Creative Commons tó bá ohun tí ẹ bá onílé sọ mu. Tí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣòwò, ẹ lo CC BY-NC.

Kí ẹ tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà, kí ẹ gbé e lọ fún màmá. Kì í ṣe dandan nínú òfin kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ padà lọ sí ilé yẹn yóò mọ ìdí tó fi yẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tọ jọ́nà ẹ̀ka yín lọ

Nísinsìnyí ẹ ní ohun kan lọ́wọ́. Ẹ má tíì sáré lọ sókè òkun. Iṣẹ́ tó sún mọ́ yín jù wà ní ọ́fíìsì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà pẹ̀lú yàrá ìkàwé yín.

Ọ̀pọ̀ jọ́nà ẹ̀ka ló ṣì wà lórí bébà, ẹ̀dà rẹ̀ ń gba eruku lẹ́yìn àga olóòtú. Àwọn òǹkọ̀wé ń béèrè pé kí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ìgbìmọ̀ ìgbéga ń béèrè lọ́wọ́ àwọn náà. Olóòtú jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni, tó ń bójú tó tíísìsì, tó sì tún ń lọ sípàdé, kò ráyè. Àyè yín nìyẹn.

Irinṣẹ́ tí ẹ óò kọ́ ni Open Journal Systems, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní OJS. Public Knowledge Project (PKP) ló ṣe é, Simon Fraser University ní Kánádà ni ìdí rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìpele mẹ́rin ni àpilẹ̀kọ ń gbà kọjá nínú rẹ̀: ìfisílẹ̀, àyẹ̀wò àwọn onímọ̀, àtúnṣe ọ̀rọ̀, àti ìṣètò fún títẹ̀. Méjì tó kẹ́yìn ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. PKP ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí bí olóòtú ṣe ń lò ó; ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó lọ kan ilẹ̀kùn.

Ẹ má lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ẹ mú ìwọ̀n (volume) àtijọ́ kan nínú jọ́nà náà, kí ẹ tẹ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ìsọnísókí àti kókó ọ̀rọ̀ (keywords) gbogbo àpilẹ̀kọ rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Ẹ sọ ọ́ di PDF tó mọ́, tí ènìyàn lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá sẹ́kítírì ẹ̀ka sọ̀rọ̀ o. Òun ló mọ ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń wà lórí ìjókòó, òun náà ló sì mọ ọjọ́ tí inú ọ̀gá dùn. Ẹ wá wọlé: "Ẹ káàsán, sà. Mo rí i pé ìwọ̀n yìí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá ṣe é wò. Ẹ bá mi wò ó, sà." Ẹ jẹ́ kí fáìlì máa sọ ìyókù.

Àwọn ohun tí olóòtú yóò bi yín nìwọ̀nyí. ISSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà: National Library of Nigeria ló ń fúnni, ti orí bébà àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe nọ́ńbà kan náà. DOI: Crossref, àjọ tó ń forúkọ DOI sílẹ̀, ń gba owó lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ̀ka ni yóò pinnu bóyá ó tọ́ sí i. African Journals Online, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tó sì wà ní South Africa báyìí, lè gba jọ́nà náà sínú àkójọ rẹ̀ tí ètò rẹ̀ bá dúró ṣinṣin, ẹ̀yin lẹ lè bá wọn kọ ìwé ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi ojú sí jù: ímeèlì ẹ̀ka ni kí wọ́n fi ṣí àkáǹtì alákòóso, kì í ṣe tiyín. Jọ́nà tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gboyè lọ, òkú ni.

Owó wá ńkọ́? Wọ́n á sọ fún yín pé ìrírí ni. Ìwọ̀n kan lọ́fẹ̀ẹ́ kò burú, tí ẹ bá gba lẹ́tà sí i, tí orúkọ yín sì wà nínú ojú ìwé àwọn olóòtú. Ìwọ̀n kejì, ẹ sọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀ka kì í sábà ní àpò fún un, àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé máa ń san owó ìtẹ̀wé. Ẹ dábàá pé kí wọ́n yọ iye kan nínú rẹ̀ lórí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń ṣètò rẹ̀. Olóòtú a máa gbà bẹ́ẹ̀ ju owó oṣù lọ, nítorí kò sí ìwé kankan tí yóò buwọ́ lù fún báọ́sà. Ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè àti ti Ìjagun, tí wọ́n jẹ́ ti ìjọba, olùkọ́ yín lè ní owó ìwádìí TETFund tí ó lè fi gba akẹ́kọ̀ọ́ sí iṣẹ́. Babcock ní Ìlíṣàn jẹ́ ti aládàáni, TETFund kì í kàn án, ètò ìwádìí yunifásítì náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ nawọ́ síta

Owó ìrànwọ́ tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni Rapid Fund ti Wikimedia Foundation, tó máa ń jẹ́ 500 sí 5,000 dọ́là. Wikipedia Yorùbá àti Wikisource nílò ọ̀rọ̀ tó mọ́, ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mélòó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí bí wọ́n ṣe ń gbé ìwé àtijọ́ síbẹ̀ sì jẹ́ irú nǹkan tí wọ́n lè gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe díẹ̀ níbẹ̀ kí orúkọ yín tó wá béèrè owó. Wọ́n máa ń wo ohun tí ènìyàn ti ṣe.

Tí ìdílé tàbí ìjọ kan bá ní àpótí ìwé tó ń jẹrà, Endangered Archives Programme ti British Library ń fúnni lówó láti yà á ní fọ́tò, òfin wọn sì ni pé ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè tó wà. Modern Endangered Archives Program ti UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó súnmọ́ ayé òde òní, kásẹ́ẹ̀tì àti fọ́tò wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà dá gba irú owó yìí. Ẹ wá olùkọ́ kan tí yóò jẹ́ olórí iṣẹ́, kí orúkọ yín wà nínú ìnáwó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń yà á tó sì ń kọ àpèjúwe rẹ̀.

Fún iṣẹ́ àdéhùn láti òkèèrè, ẹ wá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ wọn dá lórí Yorùbá, kí ẹ kọ̀wé sí wọn ní tààràtà. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó má ju ìpínrọ̀ méjì lọ: ẹni tí ẹ jẹ́, DOI iṣẹ́ yín, àti ohun kan pàtó tí ẹ rí nínú iṣẹ́ tiwọn tí ẹ lè bá wọn tún ṣe. Bí ẹ bá rí àmì ohùn tó ṣìnà lórí ojú ìwé wọn, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ìwé ìwáṣẹ́ olójú ìwé mẹ́rin, wọn kò ní kà á.

Ẹ ṣọ́ra fún oríṣi mẹ́ta. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó ṣiṣẹ́, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá gbé àádọ́ta ojú ìwé fún yín gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń wá. Ojú ìwé méjì tó láti fi dán ènìyàn wò. Àti jọ́nà tó kọ̀wé òjijì pé kí ẹ wá di olóòtú àgbà nígbà tí ẹ kò tíì gba másítà tán: orúkọ yunifásítì yín ni wọ́n ń wá.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi àdéhùn sílẹ̀

Kí ẹ tó dá iye, ẹ gba ojú ìwé méjì, kí ẹ ṣe é, kí ẹ wo aago. Títẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú àmì kì í yá bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, gbígba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì sì tún pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Ẹ fi ìyẹn ṣírò iye ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye àtúnṣe tó wà nínú owó náà sínú àdéhùn, nítorí oníbàárà mìíràn lè dá fáìlì padà títí ayé. Fún dọ́là, ẹ ṣí àkáǹtì domiciliary ní báńkì yín ṣáájú, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò san owó ìfiránṣẹ́.

Ẹ sọ fún sùpáfáísọ̀ yín. Kò pọn dandan kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn nígbà tí orí kẹta tíísìsì kò tíì dé ọwọ́ wọn, ẹ mọ bó ṣe máa rí.

Ní ti orúkọ, CRediT ní ipa 14 tí wọ́n fi ń sọ ẹni tó ṣe kí ni nínú iṣẹ́. Ẹ yan tiyín nínú rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará UCLA kọ ìwé ẹ̀tọ́ kan ní 2015 fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá olùkọ́ ṣiṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà. Ẹ kà á, ó sọ ọ̀rọ̀ ìsanwó àti ti orúkọ láìfi ìkankan bò. Nínú TEI, inú respStmt ni orúkọ yín ń wọ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹ ṣe gan-an, orúkọ màmá tó kì oríkì sì ń ṣáájú níbẹ̀. Ẹ béèrè pé kí ẹ lè tọ́jú ẹ̀dà fáìlì tí ẹ ṣe, àti pé kí ẹ lè fi ojú ìwé méjì nínú rẹ̀ han ẹni tó bá tún fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín. Tí wọ́n bá ní àwọn kò gbà, ẹ fi kún owó yín.